Boqueria: irú báàgì wo ni màmá yín máa gbé?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀yin àti màmá yín máa lo Sátidé àti Sọ́ńdè ní Barcelona, tí ẹ ń béèrè aago tó yẹ kí ẹ dé ọjà Boqueria àti bóyá wọ́n máa gbowó ìwọlé lọ́wọ́ yín, mo rí ìbéèrè yín. Aago kọ́ ló jẹ mí lógún. Irú báàgì wo ni màmá máa gbé?

Ọ̀sán Sátidé ni èmi náà lọ, ó ti lé lọ́dún méjì báyìí. Mo sọ̀ nínú tíréènì abẹ́ ilẹ̀ ní Liceu (ìyẹn ò le, ẹ ó rí i), mo dúró sẹ́nu ọjà lórí La Rambla, òpópónà tí ọjà náà wà, mo ya fọ́tò tán, mo ti fóònù bọ báàgì. Nǹkan kan ta sí mi léjìká. Mo fọwọ́ kàn án: ó ki, ó rí bí ìgbẹ́ ẹyẹ, àmọ́ òórùn ọtí kíkan ló ń rùn. Ẹyẹ wo ló ń mu ọtí kíkan? Kí n tó rò ó débẹ̀, bàbá kan tó múra dáadáa ti yọ tíṣù, ó ń bá mi nu ẹ̀yìn, ó ń nawọ́ sí ẹyẹlé lórí igi, ó ń kẹ́dùn. Èmi náà ń dúpẹ́ o! Mo gbé báàgì sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi kí n lè bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Mo bojú wolẹ̀: kò sí báàgì. Mo gbójú sókè: kò sí bàbá.

Ohun tí olè ṣe ò dùn mí tó ohun tí ojú mi rí ní àgọ́ ọlọ́pàá tí mo sáré lọ kí n lè gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n jà mí lólè, tí màá fún àwọn ínṣọ́ránsì. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà, mo jókòó sórí àga onírin fún wákàtí mẹ́ta ààbọ̀. Nígbà tó kàn mí, ọ̀gá tó wà nídìí káńtà ní kí n ka nọ́ńbà IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù mi, fún òun. Ta ló kọ́ ìyẹn sórí? Ó ní kí n lọ wá a wá. Mo bẹ̀ wọ́n ní òtẹ́ẹ̀lì kí n lo kọ̀ǹpútà, mo fẹ́ wọ ímeèlì mi, Google ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù mi. Fóònù tí wọ́n jí! Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo rántí nọ́ńbà àbúrò mi. Òun ló wá páálí fóònù náà rí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé, tó ka nọ́ńbà fún mi. Mo padà, wọ́n tún ní kí n lọ tò látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá yìí wá wò mí, ó ní iwájú ló yẹ kí n gbé báàgì kọ́. Ṣé ìwé ni mo wá gbà ni àbí ìwàásù?

Ìwé tí mo fi odindi ọjọ́ wá náà, àwọn ínṣọ́ránsì ní kò wúlò. Wọ́n ní "hurto" ni ọlọ́pàá kọ síbẹ̀, kì í ṣe "robo". Nínú òfin Sípéènì, robo ni kí wọ́n fipá gbà á tàbí kí wọ́n halẹ̀ mọ́ ẹni. Hurto ni kí wọ́n yọ́ ọ gbé. Irú ínṣọ́ránsì tí mo rà, robo nìkan ló ń sanwó fún. Ó wà nínú ìwé àdéhùn lóòótọ́, lẹ́tà tó kéré bí ẹyin iná.

Ẹ tẹ *#06# sórí fóònù yín lónìí, kí ẹ kọ nọ́ńbà IMEI tó bá jáde sílẹ̀, kí ìwé yẹn má sì sí nínú báàgì kan náà. Ẹ ka ìwé ínṣọ́ránsì. Tí nǹkan bá ta sí màmá lára, ẹ má dúró, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn nù ún. Ẹ kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù kan. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì.

Ọjà fúnra rẹ̀ dáa, mi ò ní purọ́. Mo padà síbẹ̀ láàárọ̀ Túsìdeè, owó yíyá ló wà lápò mi. Ẹ má fetí sí àwọn onífídíò tó ń sọ pé ọ̀sán ló ń dùn. Láti 1840 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, lórí ilẹ̀ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì tó jóná ní 1835, àyè àárín ìsọ̀ ò sì gba ogunlọ́gọ̀ àlejò. Ní 2015, ìjọba ìlú ní kí ẹgbẹ́ arìnrìnàjò tó bá ju èèyàn 15 lọ má wọ ibẹ̀ ní Fúráìdè àti Sátidé títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ̀yin náà ẹ rí ọjọ́ tó máa ń gbóná jù.

Àwọn ìsọ̀ iwájú tó to ife èso gígé bí ìlẹ̀kẹ̀ ló gbówó lórí. Ẹ wọ inú lọ. Àárín gbùngbùn ni ẹja wà. Ẹ má fọwọ́ kan èso, ẹni tó ń tà á ló máa mú un fún yín. Obìnrin kan jágbe mọ́ mi nítorí ọsàn kan ṣoṣo. Ti jamón, itan ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ yẹn, iye tí ẹ bá rí lè jẹ́ ti 100 gíráàmù, kì í ṣe ti kílò. Mo ti yọ̀ lásán rí.

Háà, aago. Mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí. Kí ẹ ti débẹ̀ ní mẹ́jọ ààbọ̀ Sátidé, kí ẹ jáde kó tó di mọ́kànlá. Wọn kì í gbowó ìwọlé. Títì ni wọ́n máa ń tì í ní Sọ́ńdè, kí màmá sun oorun wọn. Àga ibi ìjẹun inú ọjà ga, kò sì ní ibi ìfẹ̀yìntì. Tí orúnkún bá ń dà wọ́n láàmú, ẹ ra oúnjẹ yín kí ẹ lọ jẹ ẹ́ níbòmíì.