Ṣé kí n dúró de epo gbágùúdá, àbí kí n ra kẹ̀kẹ́ oníná?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mò ń wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo máa ń ná Òkè-Ajé. Bàbá mi ń dáko gbágùúdá ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, pé epo tí wọ́n ń fi gbágùúdá ṣe ń bọ̀. Ẹnì kan sì ń fi kẹ̀kẹ́ oníná lọ̀ mí. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, bá mi kí bàbá, ṣùgbọ́n má dúró de epo wọn.

Wọn ò parọ́ o. Ẹtanọ́ọ̀lù ni epo gbágùúdá yẹn, ọmọ ìyá ògógóró ni, ọkọ̀ sì ń mu ún dáadáa. Láti 1975 ni ìjọba Bràsíìlì ti gbájú mọ́ ọn. Àmọ́ ìrèké ni tiwọn: ṣúgà ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pàǹtí rẹ̀ ni wọ́n sì tún ń fi dáná nílé iṣẹ́. Ti gbágùúdá, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ sọ sítáàṣì rẹ̀ di ṣúgà, owó nìyẹn.

Jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní kẹ̀kẹ́ rẹ ń mu bẹntiróòlù líítà 3 ní kìlómítà 100. Agbára ẹtanọ́ọ̀lù kò ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ti bẹntiróòlù lọ, líítà 4 àbọ̀ ni wàá rà. Tọ́ọ̀nù gbágùúdá tútù kan ń mú bíi líítà 160 wá. Á jẹ́ pé o ti jó gbágùúdá kílò 28, tí ì bá di gàrí Ìjẹ̀bú bíi kílò 6! Bi bàbá léèrè bóyá àwọn tó ń yan gàrí ni wọ́n máa tà á fún, àbí ilé epo.

Kẹ̀kẹ́ oníná lè rin kìlómítà 100 kan náà pẹ̀lú yúníìtì iná bíi 8. Iye tí o ń ra yúníìtì ni kí o fi wé owó epo. Ẹ́ńjìnnì epo ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú epo di ooru lásán. Mọ́tò iná kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò.

Bátìrì àti NEPA ni wàhálà. Béèrè bóyá bátìrì olómi-ásíìdì ni, àbí lítíọ́ọ̀mù. Olómi-ásíìdì kì í pẹ́ kú bí o bá ń ṣáàjì í lójoojúmọ́. Lítíọ́ọ̀mù wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń tọ́jọ́. Bí ẹni tó ń tà á bá ní bátìrì ni bátìrì, kúrò níwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ wákàtí tí iná fi ń wà lóru sílẹ̀. Bí kò bá tó 6, tí o ò sì ní sólà, máa tún ti àtijọ́ ṣe ná. Ẹni tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì kẹ̀kẹ́, bẹntiróòlù náà ló ṣì ń rà, ẹ̀yìnkùlé ló kàn ń jó o sí.