Èsì: ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì àti ipò kánsẹ́lọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì yín n'Ìkẹ́rẹ́ pa kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù kánsẹ́lọ̀. Rárá o. Ẹ máa tajà yín lọ.

Ìgbà tí ẹ bá dépò ni òfin ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mú yín. Tí ipò náà bá sì gba gbogbo àkókò yín, ẹ ò gbọdọ̀ darí òwò mọ́. Iṣẹ́ oko nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀ (ẹ má bẹ̀rù fún kòkó yín). Ó wà ní àfikún karùn-ún ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999.

Àmọ́ kí ìyàwó máa tà á, kí ẹ̀yin sì máa gbé kọ́ńtírákì káńsù fún un? Ẹjọ́ nìyẹn.

Fọ́ọ̀mù dúkìá ti Code of Conduct Bureau (àjọ tó ń ṣọ́ ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba) ló ń kó ọ̀pọ̀ sí wàhálà. Ẹ kọ ọ́ tán: ilẹ̀ tí fáńdéṣọ̀n rẹ̀ ṣì wà nínú igbó, gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tó fi mọ́ dúkìá àwọn ọmọ tí kò tíì pé 18. Wọ́n lè gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó bá purọ́, kí wọ́n sì fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ dipò ìjọba mú títí dé ọdún 10.

Ẹ̀bùn ẹbí àti ọ̀rẹ́ tí àṣà mọ̀ kò burú. Màlúù kọngílá kọ́ o.