Ẹ Bi Wá: Ṣé Kí N Yá Owó Lórúkọ Ara Mi Nítorí School Ọmọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ní Texas ni mo ti ń kọ̀wé. Àkọ́bí mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba admission, ibi méjì ló ti rí, ọ̀kan jẹ́ private tó lórúkọ dáadáa, èkejì jẹ́ yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ tó lè máa tilé lọ. Nursing ló fẹ́ kà. Private yẹn, $58,000 ni lọ́dún tẹ́ ẹ bá ka ilé àti oúnjẹ mọ́ ọn, wọ́n fún un ní sikọ́láṣíìpù $22,000, ó ku $36,000 lọ́dọọdún. Wọ́n ní kí ọmọ yá díẹ̀ kí èmi yá ìyókù, wọ́n ti fi línkì ránṣẹ́, wọ́n ní kò ju ìṣẹ́jú 20 lọ. CNA, olùrànlọ́wọ́ nurse, ni mí, alẹ́ ni mò ń ṣe, bàbá ẹ̀ ń wa Uber. Bàbá ẹ̀ ní àfi private, pé kí la máa sọ fáwọn ará ilé tí ọmọ tó ń gba A káàkiri bá ń tilé lọ school. Ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀ ní ká gbàgbé yunifásítì pátápátá, pé gbèsè ni gbogbo ẹ̀, káwọn ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Orí mi ti dàrú. Ṣé ìwé yẹn tiẹ̀ ṣì tó owó tí wọ́n ń bèèrè ni?
— Ìyá Àkọ́bí, Houston

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire ọmọ o, a máa jọ jó níjọ́ graduation. Ẹ má tíì tẹ línkì yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín kúrò lọ́nà ná. Ìwé ṣì ń mówó wọlé. Bureau of Labor Statistics tó ń ṣírò owó òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé ní 2023, tẹ́ ẹ bá to gbogbo àwọn tó ní bachelor's sórí ìlà, ẹni tó bọ́ sí àárín gan-an ń gba $1,493 lọ́sẹ̀, ti ẹni tó dúró sí high school jẹ́ $899, ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò gba dìgírì kankan jẹ́ $992. Ẹ fi èyí tó gbẹ̀yìn yẹn sọ́kàn o, ó ń bọ̀ wá wúlò nísàlẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ dáa, plumber àti electrician ń jẹun gidi, ṣùgbọ́n ọmọ yín ò sọ pé plumber lòun fẹ́ ṣe, nursing ló wù ú, kò sì séèyàn tó ń di nurse láìlọ school.

Ibi tí wàhálà wà ni pé orúkọ ta ni wọ́n máa kọ gbèsè yẹn sí. Lẹ́tà tí school ń fi ránṣẹ́ máa ń to lóònù mọ́ sikọ́láṣíìpù lábẹ́ àkọlé "award", bíi pé ẹ̀bùn ni gbogbo ẹ̀, èyí sì máa ń bí mi nínú, gbèsè wo ló ń jẹ́ award? Lóònù ìjọba àpapọ̀ tí ọmọ ń yá fúnra ẹ̀ ní òdiwọ̀n: ọdún àkọ́kọ́ ò lè ju $5,500 lọ, ọdún kejì $6,500, ọdún kẹta àti ìkẹrin $7,500 níkọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ $27,000. Èlé orí ẹ̀ fún 2025–26 jẹ́ 6.39%. Parent PLUS, lóònù ìjọba tí òbí ń yá, lorúkọ èkejì, òun ni wọ́n sọ pé kò ju ìṣẹ́jú 20 yẹn. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀, ẹ ò lè gbé e lé ọmọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú kódà kó di dókítà. Èlé tiẹ̀ fún 2025–26 jẹ́ 8.94%, wọ́n sì tún máa ń gé bíi 4% kúrò nínú owó náà kó tó dé school rárá. Wọn ò ní bi yín pé èló lẹ̀ ń gbà lóṣù, wọ́n kàn máa wo credit yín bóyá ẹ ti já báńkì kulẹ̀ rí ni.

Tẹ́lẹ̀, òbí lè yá gbogbo iye tí school bá pè, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé rì sí. Òfin tí Trump fọwọ́ sí ní July 4, 2025 ló wá fi ìdè sí i: láti July 1, 2026, òbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ò lè yá ju $20,000 lọ́dún lórí ọmọ kan, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò sì lè kọjá $65,000. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀. Nínú $36,000, ẹ yọ $5,500 tọmọ kúrò, ó ku $30,500, PLUS ò lè gbé e tán, ìyókù á di lóònù báńkì tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá ṣe onídùúró fún, bẹ́ẹ̀ ọdún kan péré la ṣì ń sọ. Ká tiẹ̀ ní $65,000 yẹn nìkan lẹ yá, tẹ́ ẹ fi ọdún mẹ́wàá san án ní 9%, bíi $820 lẹ máa máa san lóṣooṣù, tẹ́ ẹ bá fi máa san án tán ó ti lé ní $98,000. Iṣẹ́ alẹ́ yẹn náà lẹ máa fi san án o.

Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn òbí, àwọn kan ò sì fẹ́ràn ẹ̀, ni pé tí owó tọ́mọ lè yá lórúkọ ara ẹ̀, pẹ̀lú èyí tó bá wà lápò yín láìyá, ò bá gbé school kan, school yẹn ti wọ́n jù yín lọ. $27,000 yẹn, tó bá parí tó ń ṣe nurse, bíi $305 ni lóṣù fún ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó ka èlé tó gùn ún nígbà tó wà ní school, ìyẹn ò lè dá nurse lọ́rùn.

Ẹ tiẹ̀ wo iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe yẹn. Ẹ̀yin lẹ wà ní wọ́ọ̀dù lálaalẹ́, ṣé ẹ ti gbọ́ kí aláìsàn bèèrè school tí nurse lọ kó tó na apá fún abẹ́rẹ́? Ẹni tó gba associate degree, dìgírì ọdún méjì, ní community college àti ẹni tó lọ private olówó gọbọi, NCLEX, ìdánwò ìwé àṣẹ nurse, kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe, RN (registered nurse) kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn ọsibítù kan fẹ́ràn ẹni tó ní BSN, ìyẹn bachelor's nínú nursing, ṣùgbọ́n yunifásítì ìjọba ń fúnni ní BSN, ẹni tó sì gba associate lè padà lọ ṣe é nígbà tó bá ti ń gbowó, àwọn ọsibítù míì tiẹ̀ máa ń bá wọn san nínú ẹ̀. Ní 2024–25, ká pín in dọ́gba káàkiri Amẹ́ríkà, owó ìlé-ìwé ọmọ ìpínlẹ̀ ní yunifásítì ìjọba jẹ́ $11,610 lọ́dún, ti community college ò ju $4,050 lọ. Àwọn yẹn lẹ fẹ́ fi $36,000 rọ́pò.

Kẹ́ ẹ tó jáwọ́ nínú private yẹn ṣá, ẹ kọ lẹ́tà sí financial aid office wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ iye tó ń wọlé fún yín àti iye tí school kejì pè, nígbà míì wọ́n máa ń fi kún un. Ẹ sì rí i pé FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ìrànlọ́wọ́ owó ìjọba, ti wọlé, torí Pell Grant wà níbẹ̀, tó lè tó $7,395 lọ́dún fún ìdílé tí owó wọn kéré, ìyẹn kì í ṣe gbèsè. Ní ti bàbá, ẹ bi í pé nínú àwọn ará ilé yẹn, ta ló fẹ́ máa dá $820 lóṣooṣù.

ÌBÉÈRÈ: Mo fi school sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, mo jẹ lóònù ìjọba $14,000, mi ò tíì san nǹkan kan láti ọdún tó kọjá. Warehouse ni mo wà báyìí. Ṣé bankruptcy lè pa á rẹ́, àbí kí n padà sí school?
— Ó Ti Sú Mi, Atlanta

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ìwọ ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ní kí wọ́n má gbàgbé $992 yẹn. Àwọn èèyàn rò pé àwọn tó jẹ $200,000 ni lóònù ń pa jù, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó jẹ kékeré tí wọn ò rí dìgírì gbà ló sábà máa ń já kulẹ̀, torí gbèsè wà, iṣẹ́ tó yẹ kó san án ò sí.

Bankruptcy ṣòro. Láti 1998, lóònù ìjọba kì í kú sí kóòtù àfi tó o bá lè fi hàn adájọ́ pé ìyà tó kọjá ààlà ló máa jẹ́ fún ẹ, ẹni tó lókun nínú tó ń ṣiṣẹ́ warehouse, ó le kí wọ́n gbà á lẹ́nu ẹ̀. Lóònù tí wọn ò san fún ọjọ́ 270 ti wọ default, ìjọba sì lè gba owó táàsì tó yẹ kí wọ́n dá padà fún ẹ, òfin tún fún wọn láyè láti gé tó 15% nínú owó oṣù ẹ. Wàá gbọ́ táwọn àgbà máa ń wí pé ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje: tó o bá wà ní default, wọn ò ní fún ẹ ní Pell tàbí lóònù mìíràn láti fi padà. Torí náà pe wọn kí o béèrè loan rehabilitation, ọ̀nà láti yọ lóònù kúrò ní default, owó ìgbà mẹ́sàn-án láàárín oṣù mẹ́wàá ni wàá san, owó tó ń wọlé fún ẹ ni wọ́n á sì fi ṣírò ẹ̀, ó lè kéré gan-an. Ìgbà yẹn ni kí o wá gba transcript ẹ, kí o gbé e lọ sí community college tó wà nítòsí, bi wọ́n pé mélòó nínú credit ẹ ni wọ́n máa gbà. Ó lè jẹ́ ọdún kan péré ló kù ẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnì kan pè mí, ó ní kí n san $400 kí ìjọba lè pa gbèsè school mi rẹ́ lábẹ́ ètò Biden. Ṣé òótọ́ ni?
— Wọ́n Pè Mí, Chicago

ÌDÁHÙN: Irọ́ ni. Ètò tí Biden kéde ní 2022, pé wọ́n á yọ $10,000, àwọn tó gba Pell á rí tó $20,000, Supreme Court ti fagi lé e ní June 30, 2023. Ọ̀kan lára èyí tó ṣì wà ni PSLF, ètò ìjọba tó ń pa ìyókù lóònù rẹ́, fáwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba tàbí ọsibítù tí kì í ṣe ti èrè, lẹ́yìn tí wọ́n bá san ìgbà 120, kò sì sẹ́ni tó ń gbowó fọ́ọ̀mù ẹ̀, studentaid.gov ni wọ́n ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti fún onítọ̀hún ní password FSA ID yín, tẹ́ ẹ fi ń wọ studentaid.gov, ẹ lọ yí i padà báyìí kẹ́ ẹ tó ṣí ojú ìwé tó kàn.