Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì tó di olùwádìí ní Ifẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ǹjẹ́ òtítọ́ ni pé Amos Tutuola, òǹkọ̀wé tí kò kàwé púpọ̀, bá Yunifásítì Ifẹ̀ ṣiṣẹ́ rí? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀.)

Ìdáhùn: Òtítọ́ ni. Ní ọdún 1979 ni wọ́n gbà á gẹ́gẹ́ bí olùwádìí àlejò ní ilé ẹ̀kọ́ náà, tí à ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1920. Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀ ni ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó. Ibẹ̀ ló ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé The Palm-Wine Drinkard, ìtàn ọ̀mùtí kan tí adẹ́mu rẹ̀ já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tó sì kú, tí ọ̀mùtí náà fi wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. London ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1952. Inú ìwé náà ni ọkùnrin arẹwà kan wà, tó yá gbogbo ẹ̀yà ara, tó ń dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà, títí tó fi ku agbárí nìkan, tí ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé e kò sì lè sá mọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan bínú sí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nígbà náà. Ní tèmi (ẹ má bínú), Yorùbá ni Gẹ̀ẹ́sì náà ń sọ. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, eléré orí ìtàgé, gbé ìtàn yìí sórí ìtàgé ní Yorùbá ní ọdún 1963. Ìbàdàn ni Tutuola kú sí ní ọdún 1997.