Ṣílè ọlọ́pẹ méjì tí kò jọra

Àbúrò, o ní ṣílè ọlọ́pẹ 1936 méjì wà lọ́wọ́ rẹ, owó àtijọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ná ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwòrán ọ̀pẹ wà lára rẹ̀; méjèèjì ní lẹ́tà H, àmì ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ wọ́n. Imọ̀ ọ̀pẹ ti ọ̀kan ṣeé kà, ti èkejì tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín, o wá ń béèrè bóyá ayédèrú ni. Pé àárín rẹ̀ tẹ́ nìkan kò sọ ọ́ di ayédèrú. Má sì tà á lówó pọ́ọ́kú bí mo ti ta tèmi.

Inú àpótí ìyá bàbá mi ni mo ti rí tèmi, òun àti tọ́rọ́, sísì pẹ̀lú ọ́nínì oníhò. Mo wo ara ọ̀pẹ tó tẹ́, mo ní ọwọ́ ọlọ́jà ti jẹ eléyìí tán, mo bá tà á bí ògbólógbòó. Ẹni tó rà á gbé e sábẹ́ iná, ó yí i díẹ̀, ó ní kí n wò ó. Ìmọ́lẹ̀ ń yí kiri lórí ibi tó tẹ́ náà bó ṣe ń yí lórí ìyókù. Ibi tí ọwọ́ bá jẹ kì í dán bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń ṣú. Ó fi awò hàn mí: àwọn ìlà wínníwínní tó wà lára irin kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Òǹtẹ̀, irin gbígbẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára owó, ò débẹ̀ rárá. Mo sì ti gbowó, kí ni mo fẹ́ wí?

Pélébé irin ni wọ́n ń fi sáàárín òǹtẹ̀ méjì, ẹ̀rọ á wá fi agbára tẹ̀ ẹ́ kí irin lè ṣàn wọ gbogbo kòtò tí wọ́n gbẹ́ sára òǹtẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀pẹ yẹn gẹ́lẹ́ ni orí ọba wà. Irin kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń dù. Bí òǹtẹ̀ bá jìnnà síra díẹ̀, tàbí tí wọn ò fi iná mú irin náà rọ̀ dáadáa, àárín ni kò ní kún. Idẹ sì le ju fàdákà lọ, idẹ ni wọ́n sì fi rọ́pò fàdákà ní 1920. Òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ náà ń gbó, ọ̀rá àti ìdọ̀tí sì lè dí kòtò kan pa. Ọ́nínì ò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà àárín yìí, àárín tirẹ̀ ti lu.

Mo bẹ̀ ọ́, gbé ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú jìnnà sí wọn. Tí o bá ti fi bó o, dídán tí à ń wá ti lọ nìyẹn. Gbé méjèèjì sábẹ́ gílóòbù kan, yí wọn díẹ̀díẹ̀, kí o wá sọ ohun tí o rí fún wa.