Bí a ṣe ń gbé ewé ilẹ̀ wa rìn láti ilé ìwé dé ilé ìwé

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní Abẹ́òkúta, mo sì ń ran ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan lọ́wọ́. A fẹ́ ṣe àfihàn igi àti ewé ilẹ̀ wa, kí a máa fi ọkọ̀ gbé e yí ilé ìwé mẹ́wàá ká láàárín ọdún kan. Mo ti kọ orúkọ 60 sílẹ̀. Kí la ó ṣe tí wọn kò fi ní bàjẹ́ lọ́nà? Ṣé 60 kò sì pọ̀ jù?

Ìdáhùn: Ó pọ̀ jù. Ẹ mú 12 níbẹ̀.

Àfihàn àkọ́kọ́ tí mo bá wọn ṣe, ewé 40 la kó sínú férémù onígíláàsì. Ká tó dé ilé ìwé kejì, gíláàsì mẹ́fà ti fọ́. Àwọn ọmọ ń kọjá níwájú èyí tó kù bí ẹni tí wọ́n ní kó wá wo òkú tí kò mọ̀ rí. Ìṣù elu kan, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, tí ẹnìkejì mi gbàgbé sórí tábìlì ni wọ́n rọ̀gbà yí ká, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ń jiyàn bóyá ìgbẹ́ màlúù ni. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ọmọ kò bá lè fọwọ́ kàn, ó ṣòro kí n tó gbé e sọ́kọ̀.

Ní ìlú aládìrẹ bíi tiyín, elu ni kí ẹ fi ṣíwájú. Ẹ bi àwọn aláró àgbà ní Ìtòkú léèrè èyí tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sá gbẹ. Ẹ wádìí dáadáa o, torí aró inú agolo ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí. Bí aláró kan bá lè bá yín lọ, ó tún dára jù: aṣọ á jáde nínú ìkòkò aró ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á sì sọ ọ́ di búlúù lójú àwọn ọmọ. Ẹ kó obì àti orógbó náà dání, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn la obì, kí wọ́n rí i pé awẹ́ méjì ni gbàǹja ní, tí àbàtà ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewúro àti pèrègún kò nílò ìtọ́jú kankan: ẹ gé igi wọn, ẹ gbìn ín sínú ọ̀rá dúdú, ẹ fi sílẹ̀ fún ilé ìwé.

Ewé tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ gbẹ, ẹ fi bébà ìròyìn àti páálí há a láàárín, ẹ fi okùn dè é le, kí ẹ máa pààrọ̀ bébà náà lójoojúmọ́. Lásìkò òjò, bí ẹ bá fo ọjọ́ kan péré, ó lè bu. Tó bá gbẹ tán, ẹ dì í sínú ọ̀rá pinpin, ẹ fi sínú fírísà tó tutù dé -18°C fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹyin kòkòrò inú rẹ̀ kú. Níbi tí iná kò bá dúró, ẹ bẹ ẹlẹ́ja yìnyín. Fírísà tirẹ̀ kì í sinmi. Tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà títí di ọjọ́ kejì, kí ìrì má baà sẹ̀ sára ewé. Káńfọ̀ ńkọ́? Ẹ má fi sínú àpótí tí ọmọdé yóò ki orí bọ̀.

Ẹ má yá ewé àtijọ́ láti ibi ìkójọ kankan fún ọmọ láti fọwọ́ kàn. Oògùn tí wọ́n fi mẹ́kúrì ṣe ni wọ́n máa ń fi pa kòkòrò lára wọn nígbà yẹn, ó sì lè wà lára wọn di òní. Ẹ fi ojú ológbò sílẹ̀ nílé pẹ̀lú: èso rẹ̀ rẹwà, ó wu ọmọ í kó sápò, májèlé gidi ni. Wẹ́rẹ̀pẹ̀, ẹ kò nílò kí n sọ fún yín.

Mo rò pé dóńgóyárò àti máńgòrò wà nínú 60 yẹn. Ilẹ̀ Éṣíà ni àwọn méjèèjì ti wá. Àbámọdá pàápàá, tí àwọn àgbà fi ń wúre, Madagásíkà ni ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ má yọ wọ́n dànù. Ẹ ṣe àpótí kékeré kan fún àwọn àlejò tó di onílé, kí àwọn ọmọ máa fojú wá wọn. Ibẹ̀ ni ariwo máa ń pọ̀ sí jù.

Kí ẹ tó tẹ orúkọ sórí káàdì, ẹ kó ewé yín lọ sí FRIN, ilé ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn. Ewé gbígbẹ tó wà níbi ìkójọ wọn ju 100,000 lọ, wọ́n á bá yín fi wé e. Ìyeyè lọ́dọ̀ yín, òkìkà ni lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ kọ méjèèjì.

Àpótí pákó tí ènìyàn méjì lè gbé ti tó, kí ìdérí rẹ̀ ṣeé yọ tẹ́ bí àtẹ. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà kíláàsì àti bùútù ọkọ̀ kí káfíńtà tó gé pákó. Ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe é ní mẹ́ta. Ẹ lẹ ìwé tí ẹ kọ gbogbo ohun inú rẹ̀ sí mọ́ inú àpótí, kí olùkọ́ ilé ìwé kọ̀ọ̀kan kà wọ́n kó tó buwọ́ lù ú. Orógbó ló kọ́kọ́ máa ń dín, kì í sì í ṣe àwọn ọmọ ló ń jẹ ẹ́.