Jíà kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀: ká ra friction ni àbí index?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire kẹ̀kẹ́. Ẹ ní tòkunbọ̀ ni, pé àwo méje ló ní lẹ́yìn, pé ọwọ́ jíà tó bá a wá ti kú, ẹ wá ń ronú bóyá kẹ́ ẹ ra oní-index tó máa ń dún “kọ́” téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, tàbí friction àtijọ́ tí kò ní ibi ìdúró kankan. Tó bá jẹ́ èmi ni, friction ni màá rà. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gun irú kẹ̀kẹ́ yìí n'Ìbàdàn, mo sì ti lo méjèèjì dáadáa.

Nínú index, ọwọ́ jíà ló ń bá yín wọn nǹkan. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó fa wáyà níwọ̀n kan pàtó, ìwọ̀n yẹn gan-an ló sì gbọ́dọ̀ gbé ṣéènì láti orí àwo kan bọ́ sórí èkejì. Ilé iṣẹ́ Shimano ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò, látìgbà tí wọ́n ti gbé SIS, ìyẹn index tiwọn, jáde lára Dura-Ace, ohun èlò kẹ̀kẹ́ ìdíje wọn, lọ́dún 1984. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ jíà, wáyà, derailleur (ohun tó ń ti ṣéènì láti àwo kan sí èkejì) àtàwọn àwo ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bára mu. Ọwọ́ jíà tí ilé iṣẹ́ SRAM ṣe fún derailleur 1:1 tiwọn (èyí tó ń sún níwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá gígùn wáyà tí wọ́n fà dọ́gba) ń fa wáyà ju ti Shimano lọ, torí náà wọn ò ṣeé pa pọ̀. Àwo méje jìnnà síra tó mílímítà 5, láti àárín ọ̀kan sí àárín èkejì. Àwo mẹ́wàá ti Shimano kò ju 3.95 lọ. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ti kọjá lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta ńkọ́? Ta ló mọ ohun tí wọ́n ti pààrọ̀ lára rẹ̀!

Friction ò bìkítà nípa gbogbo ìyẹn. Ẹ rọra tì í títí ṣéènì á fi gun àwo tó tóbi, ẹ jẹ́ kó kọjá díẹ̀, kẹ́ ẹ wá dá a padà bíńtín. Ẹ máa gbọ́ tó ń ha kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ibi tí ariwo yẹn bá ti pa lọ́lọ́ ni ẹ máa fi sí. Kò ní pẹ́ tí àtàǹpàkò yín á fi mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn má ra èyí tí wọ́n ń dè mọ́ irin ìsàlẹ̀ férémù o. Láàárín Micra àti ọ̀kadà, ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí háńdù, torí náà ẹ ra ti orí háńdù.

Ó níyà tiẹ̀. Sípíríǹgì derailleur máa ń fẹ́ fa ọwọ́ jíà padà. Tí sìkúrúù rẹ̀ bá dẹ̀, ẹ lè máa gun Òkè Màpó lọ, kí ṣéènì ṣàdédé já bọ́ sórí àwo kékeré lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ẹ má fún un débi táá fi le koko. Tó bá sì jẹ́ àwo mẹ́sàn-án sókè ni, mi ò ní bá yín sọ̀rọ̀ friction rárá. Ẹ lọ ra index tó bára mu látòkèdélẹ̀.

Ẹnì kan ti sọ ṣáájú mi pé eruku ọyẹ́ ló ń ba gbogbo index jẹ́ nílé wa. Mi ò gbà. Rọ́bà tí wáyà ń gba inú rẹ̀ kọjá ni kẹ́ ẹ wò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ń fi rọ́bà bíréèkì sí jíà. Ẹ gé ẹnu rẹ̀ wò: irin inú ti bíréèkì lọ́ yípo, ó sì máa ń sún kì téèyàn bá fa wáyà, ìwọ̀n á wá dín, ti jíà ní ọ̀pọ̀ irin tín-ín-rín tó nà gbọọrọ. Friction lè fara da ti bíréèkì, index kò lè fara dà á. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ti jíà sí bíréèkì láé, ó lè bẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, bíréèkì á sì lọ pátápátá.

Èkejì ni irin tí derailleur so mọ́. Inú kọ̀ǹténà tí wọ́n ti ń to kẹ̀kẹ́ lé ara wọn ló ti máa ń tẹ̀. Ẹ dúró sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó: ó yẹ kí róólà méjèèjì inú derailleur tò gbọọrọ sábẹ́ àwo tí ṣéènì wà. Tí ti ìsàlẹ̀ bá yẹ̀ sápá sípóòkù, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́ irin yẹn ná. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tún sìkúrúù H àti L ara derailleur ṣe, àwọn ló ń dá a dúró kó má ti ṣéènì kọjá àwo tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù, torí friction náà lè ju ṣéènì sáàárín sípóòkù.

Àwọn ọwọ́ jíà Shimano àtijọ́ kan wà tó ní òrùka kékeré téèyàn lè yí láti SIS sí friction. Tẹ́ ẹ bá rí ti àwo méje lọ́jà, ẹ rà á, kódà kó wọ́n díẹ̀. Ẹ ya fọ́tò derailleur yẹn láti ẹ̀yìn kẹ́ ẹ fi síbí, kí n bá yín wò ó bóyá irin rẹ̀ tẹ̀.